Àpò Tí A Kì í Dá Gbé

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn sánítáísà, ìyẹn omi tí a fi ń pa kòkòrò ọwọ́, inú mi a máa rú, itọ́ a sì kún mi lẹ́nu. Kì í ṣe pé òórùn rẹ̀ burú. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ìríra fún mi ni ọjọ́ méjì tí mo lò nínú ọ́fíìsì kan ní Maiduguri, ní àkókò tí ooru ìlú náà máa ń mú débi pé ewúrẹ́ á lọ dùbúlẹ̀ sínú gọ́tà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn, mo wọ kóòtù funfun, mo ń fọwọ́ kan àwọn ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tó bí mi lọ́mọ, mo sì ń da sánítáísà sọ́wọ́ lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí àrùn lára wọn. Wọ́n kàn làágùn ni, eruku àgbàdo sì wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ń nu ọwọ́ tirẹ̀, èmi náà sì ń nu tèmi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún àgùnbánirọ̀ mi ní Maiduguri nígbà náà ni. Iṣẹ́ físíò ni mo kọ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú eegun àti iṣan láìlo abẹ́. Mo rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, mo sì gba yàrá kan sí Moduganari. Ní Maiduguri, ẹni tó bá ti wọ funfun, tó ń fọwọ́ tẹ ènìyàn lẹ́yìn, likita ni wọ́n ń pè é, ìyẹn dókítà lédè Hausa. Èmi kì í ṣe dókítà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé. Nígbà kejì, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lórúkọ mi lásán, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ní báàgì kan tí àwọn irinṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ara ènìyàn lè ṣe tí ìwé mi kò tíì kọ sílẹ̀.

Ọ̀gá tí mo ń sọ yìí, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni a ń lọ. Òun ni mánéjà ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí tírélà ti máa ń kó àpò ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà lọ fún àwọn tí rògbòdìyàn lé kúrò nílé wọn. Bí ogójì alábàárù ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan dako. Kò sí ẹ̀rọ agbẹ́rù níbẹ̀. Ọrùn àti orí wọn ni ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ó dì mí lọ́wọ́ mú lábẹ́ igi dóńgóyárò inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àwọn tó gbé iṣẹ́ fún òun ń fẹ́ ìwé tó fi hàn pé ara gbogbo òṣìṣẹ́ òun lè gbé iṣẹ́ náà.

"Dókítà, kò le rárá," ó ní. "Kí o dán wọn wò, kí o kọ èsì, kí o fọwọ́ sí i. Ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta mìíràn ló wà tí ọ̀rẹ́ mi ni àwọn ọ̀gá wọn. Bí tèmi bá ti dára, tìrẹ ni gbogbo wọn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ fẹ́. Mo wá bi í pé kí ni iṣẹ́ àwọn alábàárù náà gan-an. Ó ní, "Wọ́n ń gbé àpò láti ilẹ̀ sórí mọ́tò ni. Kí ló tún kù?" Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láti ilẹ̀ sórí mọ́tò. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì tí mo ti ṣe ìdánwò náà gan-an ni iṣẹ́ ti ń lọ. Ògiri kan péré ló là wá láàárín. Fún ọjọ́ méjì gbáko, mo ń gbọ́ ariwo wọn láti ibẹ̀, n kò sì ya ẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé oòrùn ń mú, mi ò sì fẹ́ kí eruku ba kóòtù mi jẹ́.

Ìdánwò tí mo ṣètò dùn ún wò lórí ìwé. Màá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Màá fún wọn ní irin kan dì mú láti mọ bí ọwọ́ wọn ṣe lágbára tó. Wọn á gbé apá sókè, wọn á lóṣòó, wọn á dìde. Olórí ìdánwò wá kẹ́yìn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá àpò àgbàdo kan gbé láti ilẹ̀ dé èjìká, yóò sì gbé e gun àtẹ̀gùn onípákó tí wọ́n kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta yege. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò yẹ fún iṣẹ́. Nítorí pé orúkọ kan náà ni bíi mẹ́jọ nínú wọn ń jẹ́, ọ̀gá náà ní kí n fi máákà kọ nọ́ńbà sí wọn lápá, kí èsì má baà dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní àbá náà mọ́gbọ́n dání. Mo tilẹ̀ yin ara mi nínú pé iṣẹ́ mi létò.

Ọ̀gá jókòó tì mí ní gbogbo àkókò náà, ó ń jẹ kílíṣí, ẹran gbígbẹ tí wọ́n fi ata àti ẹ̀pà pa lára, nínú bébà ìròyìn. Á jẹ, á lá ìka rẹ̀, á dìde, á fi ọwọ́ olóròóró náà tẹ iṣan apá ọkùnrin tó dúró níwájú wa, á tẹ itan rẹ̀, á ní, "Wannan akwai ƙarfi," èyí lágbára. Lẹ́yìn náà ni yóò wá da sánítáísà sọ́wọ́, bí ẹni pé ọkùnrin náà ló fi epo yí òun. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì kan dáwó ra màlúù fún Kérésì, mo sì bá wọn lọ sí ọjà màlúù. Mo rí bí àwọn oníbàárà ṣe ń tẹ iké màlúù, tí wọ́n ń la ẹnu rẹ̀ wo eyín, tí wọ́n sì ń fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára èyí tí wọ́n bá ti rà. Bí mo ṣe ń wo ọ̀gá níbi tó ti ń tẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, mo sọ fún un pé ó dà bíi pé ọjà màlúù ni a wà. Àwàdà ni mo fi ṣe. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, ẹni tí a ń tẹ sì dúró níwájú wa, ó ń wo ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni olórí àwọn alábàárù wọlé. Bàbá kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ọrùn rẹ̀ nípọn, ó le koko níbi tí àpò ti jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá tó bí i ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ ní Gomari, àdúgbò kan ní Maiduguri. Ibẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí di ìgbà yẹn. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni mí. Ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹ kú ooru ìlú wa."

Ó ní "ẹ" fún mi. Ẹni tó tó bàbá mi, ó ń fọ̀wọ̀ wọ̀ mí nítorí kóòtù, mo sì gbà á bí ẹni pé ẹ̀tọ́ mi ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá a lóhùn. Mo ti kà á níbì kan pé kò yẹ kí olùdánwò bá ẹni tí ó ń dán wò ṣe wọléwọ̀de, mo sì rò pé bí mo bá sọ Yorùbá, wọ́n á ní mo ń ṣe ojúsàájú. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lápá, mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó di irin ìdánwò mú, ọwọ́ rẹ̀ lágbára ju ti gbogbo àwọn tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo rò pé irin náà ti bàjẹ́. Mo gbọ̀n ọ́n, mo tún gbé e fún un, ó tún rí bákan náà.

Nígbà tó kan àpò, ó dúró tì í, ó wo àpò, ó wo mí.

"Dókítà, ta ni yóò bá mi gbé e?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, Bàbá," mo ní, Yorùbá bọ́ lẹ́nu mi láìròtẹ́lẹ̀. "Kálukú ló ń dá gbé tirẹ̀."

"Haba. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Iṣẹ́ wa yìí, a kì í…"

"Baba, ba magana," ni ọ̀gá sọ láti orí àga rẹ̀, pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. "Ɗauka kawai." Kó ṣáà gbé e.

Bàbá náà kọjú sí mi. Ó fẹ́ kí n gbọ́ tòun. Èmi wá wo aago ọwọ́ mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbé e. Àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn yín."

Bàbá wo ọ̀gá fún ìgbà pípẹ́, ọ̀gá sì tẹjú mọ́ bébà kílíṣí rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn inú rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbá àpò náà mọ́ra, ó gbé e dé ìbàdí, ó gbé e dé àyà. Ibẹ̀ ni èjìká òsì rẹ̀ ti kọ̀ fún un. Àpò náà já bọ́, ojú rírán rẹ̀ tú, àgbàdo sì dà sórí bàtà mi. Mo fo sẹ́yìn, mo ń gbọn ẹsẹ̀ mi. Bàbá kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó àgbàdo náà jọ, nítorí pé òun ni olórí wọn, kò sì lè rí oúnjẹ àwọn ènìyàn nílẹ̀ kó máa wò ó. Kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tí mo ti fi kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún pé kò yẹ fún iṣẹ́.

Mẹ́rin ni kò yege, àwọn mẹ́rin tó dàgbà jù nínú wọn. Ẹni tó ṣe dáadáa jù ni géńdé kan láti Bulabulin, tó gbé àpò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá ní irú rẹ̀ gan-an ni òun ń fẹ́. Mo fọwọ́ sí gbogbo ìwé náà, mo lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wa lé e, mo sì lọ jẹ ẹja yíyan lọ́jọ́ náà láti fi yọ̀ fún ara mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí kéke kan fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa, tí àwọn méjì fa géńdé náà jáde nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, kò lè nà tán, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo bá a wí. Mo ní ṣé kò tẹ orúnkún bí mo ṣe kọ́ wọn ni, ṣé ẹ̀yìn ló fi gbé e. Ó ń fi eyín ge ètè nítorí ìrora, ó ṣì ní sùúrù láti dá mi lóhùn.

"Likita, ni kaɗai na ɗauka," ó ní. Òun nìkan ló gbé e. "Tsoffin da suke ɗora mana, ai kun kore su."

Àwọn àgbààgbà tó máa ń gbé e lé wa lórí, ṣebí ẹ ti lé wọn lọ. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò bínú, ó sọ ọ́ bí ẹni tó rò pé mo ti mọ̀. Mo ní ta ni a lé lọ? Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní pẹ̀lẹ́, ó tiẹ̀ ka nọ́ńbà wọn fún mi, nọ́ńbà tí èmi fúnra mi fún wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì náà lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpò tó kó jọ ga fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Alábàárù kan tó ń sinmi lábẹ́ tírélà ló ṣàlàyé fún mi, ó sì yà á lẹ́nu pé likita kò mọ ohun tí ọmọdé àdúgbò mọ̀. Láàárín wọn, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni dá àpò gbé láti ilẹ̀. Àgbà méjì ló máa ń dúró nídìí àwọn àpò, ọ̀kan á di etí méjì mú lára àpò kan, èkejì á di etí méjì yòókù mú, wọ́n á fì í lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó fẹ́ gbé e á bẹ orí sábẹ́ rẹ̀, á sì gbà á sọ́rùn. Òun á wá máa rìn lọ. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, á kúrò nínú àwọn tó ń rìn, á di ara àwọn tó ń gbé e léni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dàgbà nídìí iṣẹ́ láìjẹ́ pé iṣẹ́ lé wọn dànù. Olórí wọn ni yóò sọ pé oòrùn ti le, kí wọ́n lọ sinmi, bí àwọn àgbà bá sì ti ká ọwọ́ kúrò nídìí àpò, kò sí mánéjà tó lè mú kí àpò kan rìn. Èmi ti fi ìdánwò lé àwọn tó mọ iṣẹ́ jù lọ kúrò, nínú iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń ṣe é bí mo ṣe dán an wò. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mo rí àwọn tó kù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń dá gbá àpò mọ́ àyà, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ. Mo rò pé a ti jọ ṣe àṣìṣe ni. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un, mo ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá, pé a lè tún un ṣe. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni?" ó ní. "Mo gbé àpò níbí yìí fún ọdún méjì nígbà tí mo wà ní pólì. Bàbá yẹn gan-an ló ń gbé e lé mi lórí." Ó lá ata lẹ́nu ìka rẹ̀. "Two people go stand one place, one person go dey waka. Wetin be that? Tó bá sì di ọ̀sán, bàbá á ní kí wọ́n sinmi, gbogbo wọn á sinmi, tírélà á dúró. Mo bá a sọ ọ́ títí, kò gbọ́. Ìwé rẹ ló wá bá mi sọ fún un."

Bàbá náà ti gbé àpò lé e lórí fún ọdún méjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ṣẹ́, kó lè rí ẹ̀yìn tó gún régé jókòó lé àga mánéjà. Òun náà ló sì jókòó, tó ń jẹ kílíṣí, nígbà tí bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí mo bá ní ìwà, ó yẹ kí n ti bínú. Ọ̀gá ní, "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ilé ìkẹ́rùsí kejì ń retí rẹ." Mo lanu, mo sì sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà." Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo ti gbìyànjú láti ìgbà náà láti rántí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè ti sọ, kò sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, mo lọ. Mi ò ní purọ́, mo wọ kóòtù, mo gbé báàgì, mo lọ. Mánéjà ibẹ̀ gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀, ó ti ra máákà tuntun sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ àgbàlagbà, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó na apá sí mi kí n kọ nọ́ńbà sí i. Mánéjà ní kí n gba sánítáísà ná, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí mi lọ́wọ́. Bí òórùn náà ṣe gòkè wá, ó bá ti kílíṣí àti ti àgbàdo inú orí mi pàdé, èébì sì gbé mi. Mi ò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Iwájú àgbàlagbà náà ni mo bì sí, òun ló sì di orí mi mú. Mo sọ fún wọn pé ara mi kò yá, mo lọ sílé. Gbogbo akin tí mo ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikùn mi ló ní ojútì jù mí lọ.

Mo kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà pé ìdánwò mi kò bá iṣẹ́ wọn mu, kí wọ́n dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, kò kà á, ó fi bébà kílíṣí lé e lórí. Ìṣojú mi ni òróró ti rin lẹ́tà náà dé ibi ìfọwọ́sí mi.

Mo wá lọ sí Gomari. Ilé bàbá náà kò ṣòro láti rí. Ìyàwó rẹ̀ ń dín máásà, àkàrà ìrẹsì, lójúde, bàbá sì jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ń ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ Hausa. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì, pé n kò mọ̀ pé wọn kì í dá a gbé.

"O kò mọ̀," ni bàbá sọ. Ó ti yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa. "Mo fẹ́ sọ fún ọ, o ní kí n dákẹ́."

Kí n tó rí ohun sọ, kéke kan gbé àpò ìrẹsì ìyàwó rẹ̀ dé, awakọ̀ jù ú sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Mo fò dìde. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan fún wọn kíákíá kí ara lè tù mí. Mo lóṣòó bí ìwé ṣe wí, ẹ̀yìn mi gún, orúnkún mi tẹ̀, mo gbá àpò náà mọ́ra. Ó dé ìbàdí mi, ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. Òógùn bo ojú mi.

"Sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó ṣẹ́ ọ lẹ́yìn," ni bàbá sọ. Ó dìde, ó di etí àpò mú lápá kan, ìyàwó rẹ̀ sì fi máásà sílẹ̀, ó di apá kejì mú. Wọ́n fì í lẹ́ẹ̀kan. "Bẹ orí sábẹ́ rẹ̀." Mo bẹ orí sábẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sí mi lọ́rùn. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé. Mo rìn wọlé, mo sọ ọ́ kalẹ̀.

"Iṣẹ́ wa nìyẹn," ni bàbá sọ nígbà tí mo jáde. "Kò gbà ju báyìí lọ láti mọ̀ ọ́n." Ó sọ fún mi pé òun ti wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí yòókù. "Ìwé rẹ ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi."

Wọ́n pe ìrun alásárì. Ó gbé bútà omi, ó ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àlùwàlá. Nígbà tó fọ apá dé ìgúnwọ́, ó dúró, ó wo ibẹ̀. "Nọ́ńbà tí o kọ sí mi níbí yìí," ó ní, "ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe àlùwàlá lé e lórí kó tó lọ. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iyanrìn ha á. Ọjọ́ tí mo délé, ọmọ yìí wò ó, ó ní, 'Baba, an sayar da kai ne?'" Ṣé wọ́n ti tà ọ́ ni? Ara àwọn màlúù tí wọ́n ń dà kọjá ní àdúgbò ni ọmọ náà ti mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń da omi lọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo ti rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà rí.

Mo tún lẹ́tà mìíràn kọ pé bàbá yẹ fún iṣẹ́, mo sì gbé e kiri àwọn ilé ìkẹ́rùsí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú àwọn mánéjà náà tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, èyí tó ní bàbá kò yẹ fún iṣẹ́ àti èyí tó ní ó yẹ, ó bi mí pé nínú ìfọwọ́sí mi méjèèjì, èwo ni kí òun gbà gbọ́. Kò sí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Kò pé ọdún tí mo fi kúrò ní Maiduguri.

Ìlọrin ni mo wà báyìí, iṣẹ́ yìí náà ni mo ṣì ń ṣe. Kí n tó dán òṣìṣẹ́ kankan wò, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n fún odindi ọjọ́ kan, mo ń wò wọ́n, mo ń béèrè. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń yìn mí pé mo fara balẹ̀, pé mo bọ̀wọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Mi ò fẹ́ràn ìyìn náà, ó ń rí mi lára, nítorí mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ àti orí ẹni tí mo ti kọ́ ọ. Ó ti rọrùn fún mi tẹ́lẹ̀ láti máa di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀gá yẹn, kílíṣí rẹ̀ àti ìka olóròóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún bàbá ní Gomari, tí mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, òógùn kò jẹ́ kí máákà náà mú dáadáa lápá rẹ̀. Ọ̀gá kò sọ fún mi pé kí n tún un kọ. Èmi fúnra mi ni mo fa tíṣù yọ, mo nu apá bàbá náà gbẹ, mo sì tún mẹ́tàdínlógún náà kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, kó má baà parẹ́.